Omi Ọ̀ṣun àti Àwọn Ẹ̀dá Etí Òkun

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin ìyá, àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pé jọ ní Ìdó-Ọ̀ṣun ní alẹ́ yìí, a mọ̀ pé yóò ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé òkun ni a yàn láti sọ̀rọ̀ lé lórí, nígbà tí ó jẹ́ pé àárín igbó àti ọ̀dàn ni Ọlọ́run fi wá sí. Ẹlòmíràn yóò wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, Kí ni ti wa ní etí òkun? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa lo ọjọ́ ayé wọn tán láìfi ojú kan òkun. Iyọ̀ tí wọ́n jẹ àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi se ọbẹ̀ ni ó ti ọ̀nà ibẹ̀ wá. Wọn kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kíyè sí orúkọ oyè àwọn ọba tí ó yí wa ká. Ní ìhà ìlà oòrùn ni Iléṣà wà, oyè ọba ibẹ̀ sì ni Ọwá Obòkun Àdìmúlà. Ìtàn tí àwọn Ìjẹ̀ṣà ń sọ ni pé nígbà tí ojú Odùduwà fọ́, a wí fún un pé omi òkun ni yóò wò ó sàn. Nínú gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀, Ajíbógun ni ó gbà láti lọ bu omi náà wá. Ó lọ, ó sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn arákùnrin rẹ̀ fi rò pé ó ti kú, wọ́n sì pín ohun ìní baba wọn láàárín ara wọn. Nígbà tí ó padà dé, a fi omi náà wẹ ojú baba, ojú sì là. Ṣùgbọ́n idà nìkan ni baba rí fún un, nítorí ogún ti tán. Láti ìgbà náà ni a ti ń pè é ní Obòkun, èyí ni ẹni tí ó bu omi òkun. Ní tòsí wa pẹ̀lú ni Òṣogbo wà. Àtáọ́ja ni oyè ọba ibẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹni tí ó tẹ́ ọwọ́ gba ẹja. Nítorí wọ́n ní nígbà tí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn tẹ ìlú náà dó sí etí odò, ẹja ńlá kan jáde wá láti inú ibú, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. A kò sọ èyí láti mú ẹnikẹ́ni nínú ìjọ padà sí ìbọ odò. Ìtàn ni a ń pa. Ọba kan ń jẹ́ orúkọ omi iyọ̀, èkejì ń jẹ́ orúkọ ẹja odò, ìlú tiwa sì ń jẹ́ orúkọ odò náà fúnra rẹ̀. Àwọn tí wọ́n sọ wá lórúkọ wọ̀nyí kò ka òkun sí ohun àjèjì.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn yín kò ju ẹyọ kan lọ. Òun ni pé omi tí ń ṣàn kọjá lọ́dọ̀ wa yìí, òun àti àwọn odò ẹgbẹ́ rẹ̀, ni ó ń ṣe olórí fún àwọn ẹ̀dá ẹnu òkun fún bí ìdajì ọdún, tí òkun sì ń ṣe olórí fún ìdajì kejì. Àti pé àwọn tí ó kọ́kọ́ mọ èyí kì í ṣe àwọn tí ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Orísun Ọ̀ṣun wà ní Ìgèdè ní ilẹ̀ Èkìtì. Ó gba àríwá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ó dé Òṣogbo, ó yà sí ìhà Ẹdẹ, níbi tí Erinlẹ̀ ti dà sínú rẹ̀, lẹ́yìn èyí ni ó kọrí sí gúúsù, ó la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú já, ó sì dà sínú ọ̀sà Lẹ́kí ní agbègbè Èpè. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí. Kò parí. Ọ̀sà Lẹ́kí kò ní ẹnu tirẹ̀ sí òkun, nítorí iyanrìn tí ìgbì ti kó jọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún dúró bí ògiri láàárín àwọn méjèèjì. Omi rẹ̀ ń rìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ó wọ ọ̀sà Èkó, níbi tí omi Ògùn ti wá pàdé rẹ̀, kí ó tó rí ẹnu ọ̀nà kan láàárín iyanrìn, tí ó sì gba ibẹ̀ bọ́ sí òkun ńlá.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjì yìí dà pọ̀ mọ́ ara wọn, òkun àti ọ̀sà. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa pe omi Gálílì ní òkun, bẹ́ẹ̀ ni adágún omi dídùn ni, tí ẹnikẹ́ni lè bu mu. Ọ̀sà kì í ṣe òkun, kì í sì í ṣe odò. Bí ọmọ tí ìyá méjì ń tọ́ ni ó rí, nígbà tí ọ̀kan bá sì gbé e, èkejì a sọ ọ́ kalẹ̀.

Àwọn àgbà tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Òṣogbo rántí pé Ìdó ni orúkọ ibi tí ọkọ̀ náà ń parí ìrìn àjò rẹ̀ sí ní Èkó, erékùṣù kékeré kan láàárín ọ̀sà. Láti Ìdó tí ó wà lẹ́bàá Ọ̀ṣun dé Ìdó tí ó wà lẹ́bàá òkun! A bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà irin náà ní ọdún 1896, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Ṣáájú ìgbà náà, orí àwọn aláàárù ni ẹja gbígbẹ àti edé fi ń gòkè wá láti àwọn ọjà etí ọ̀sà bí Èjìnrìn àti Èpè, tí owó rẹ̀ sì ń ga sí i ní gbogbo ibi tí ẹrù bá ti sọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ẹja ń bá ọkọ̀ irin wá, òórùn rẹ̀ sì ń ṣáájú rẹ̀ dé ọjà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sà Èkó ní ọdọọdún. Nínú ẹgbẹ̀rún ìwọ̀n omi òkun, nǹkan bí 35 jẹ́ iyọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí omi Ọ̀ṣun àti Ògùn bá fà, òkun a bẹ̀rẹ̀ sí í ti omi rẹ̀ wọ ọ̀sà láti ẹnu ọ̀nà Èkó. Láti bí oṣù kejìlá títí dé oṣù karùn-ún, omi ọ̀sà a máa ní iyọ̀, a sì máa dín kù bí ènìyàn bá ti ń jìnnà sí ẹnu òkun lọ sí ìhà Èpè. Nígbà tí òjò bá wá rọ̀ ní òkè, tí gbogbo odò ilẹ̀ wa kún, omi dídùn a ya wọ ọ̀sà, a sì lé iyọ̀ padà títí omi ọ̀sà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi ìkòkò. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí dé oṣù kọkànlá. Nítorí náà òjò tí ó rọ̀ sórí òrùlé wa ní oṣù kẹsàn-án wà lára ohun tí ń sọ iyọ̀ òkun di asán ní Èkó.

Fún ènìyàn, èyí kò ju àyípadà adùn omi lọ. Fún ẹ̀dá tí ara rẹ̀ kò lè gba omi dídùn, ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú ni. Ẹni tí ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ jù lọ nínú ìwé ni J. E. Webb, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní University College, Ìbàdàn, ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1948. Òun àti M. B. Hill tẹ ìwádìí wọn lórí ọ̀sà Èkó jáde ní 1958. Ẹ̀dá tí ó fa ọkàn Webb mọ́ra jù lọ jẹ́ ohun kékeré kan tí kò tó ìka ọwọ́ ní gígùn, tí ó rí pẹlẹbẹ bí ẹja, ṣùgbọ́n tí kò ní orí tí a lè tọ́ka sí, tí kò ní ìpẹ́, tí kò sì ní egungun. Okùn líle kan ṣoṣo ni ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, níbi tí egungun ẹ̀yìn ìbá wà. Inú iyanrìn ni ó ń fi ara pamọ́ sí, tí yóò yọ ẹnu nìkan síta láti sẹ́ oúnjẹ láti inú omi. Àwọn onímọ̀ gbogbo ayé ka irú rẹ̀ sí pàtàkì, nítorí ó dúró ní ààlà láàárín ẹ̀dá tí ó ní egungun ẹ̀yìn àti èyí tí kò ní. Èyí tí ó wà ní Èkó yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, Webb sì fún un ní orúkọ ní 1955, ó pè é ní *Branchiostoma nigeriense*. Orúkọ ilẹ̀ wa ni ó gbé wọ ẹ̀dá tí ẹnikẹ́ni nínú wa ìbá tẹ̀ mọ́lẹ̀ láìmọ̀.

Ohun tí ó rí ni èyí: ní ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ ẹ̀dá yìí, tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè rí wọn dáadáa, a máa bá omi iyọ̀ wọ inú ọ̀sà, wọn a sọ̀ sínú iyanrìn, wọn a sì dàgbà. Nígbà tí omi òjò bá dé láti òkè, wọn a kú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, àwọn mìíràn a tún wá láti ìhà òkun, bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun kan tún wà tí Webb ṣàkíyèsí, tí a ó padà sí: ẹ̀dá náà kì í gbé inú iyanrìn tí ẹrẹ̀ bá ti dà pọ̀ mọ́. Iyanrìn tí ó mọ́, tí omi lè gba àárín rẹ̀ kọjá, ni ó ń fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú àwọn ẹ̀dá oníkarahun funfun tí ń lẹ̀ mọ́ òpó èbúté àti ìdí ọkọ̀, tí ń gé ènìyàn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń pọ̀ sí i bí iyọ̀ bá ti ń pọ̀, omi òjò a sì pa àwọn tí ó ti jìnnà jù sínú ọ̀sà.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ rò pé gbogbo ẹ̀dá ni omi dídùn jẹ́ ọ̀tá fún. Ẹ wo edé, tí gbogbo ìyá tí ó wà níhìn-ín mọ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀, tí ó jẹ́ pé bóyá ni a rí ẹni tí ó ti rò ó rí. Irú kan wà tí àwọn àgbà rẹ̀ ń yé ẹyin sí òkun; àwọn ọmọ rẹ̀ a wá wọ ọ̀sà láti sanra, wọn a sì padà sí òkun nígbà tí wọ́n bá dàgbà. Irú kejì, èyí tí ó tóbi tí ó sì ní apá gígùn, ṣe òdìkejì èyí pátápátá. Omi dídùn ni ilé rẹ̀, nínú odò àti ní ọ̀sà Lẹ́kí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò lè dàgbà nínú omi dídùn. Ìyá gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí iyọ̀ wà díẹ̀, kí ọmọ tó lè yè, lẹ́yìn náà ni ọmọ yóò tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè padà sínú odò. Irú edé kan lọ sí òkun kí ọmọ rẹ̀ lè mọ ọ̀sà. Irú kejì kúrò nínú odò kí ọmọ rẹ̀ lè mọ iyọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dí ọ̀nà náà, tàbí tí ó ba omi rẹ̀ jẹ́, ìran méjèèjì ni ó gé kúrò.

Àwọn igi etí omi náà ní ọgbọ́n tiwọn. Olórí wọn ni ẹ̀gbà. Ẹni tí ó bá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò rò pé igi náà fẹ́ rìn lọ ni, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ láti ara ìtí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ kò ní afẹ́fẹ́ nínú, igi mìíràn ìbá rì tàbí kí ó jẹrà; ṣùgbọ́n gbòǹgbò tí ó yọ sókè yìí ni ẹ̀gbà fi ń mí. Irúgbìn rẹ̀ kì í já bọ́ kí ó tó hù. Orí igi ìyá rẹ̀ ni ó ti ń hù, tí yóò na gbòǹgbò gígùn kan jáde bí ọ̀pá, nígbà tí ó bá sì bọ́, ó lè gún ẹrẹ̀ kí ó dúró ṣánṣán, tàbí kí omi gbé e lọ sí èbúté mìíràn láàyè. Láàárín gbòǹgbò wọ̀nyí ni akàn ń gbé, ibẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí, ara rẹ̀ náà ni ẹ̀dá oníkarahun méjì tí a ń jẹ, tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn púpọ̀, ń lẹ̀ mọ́. Àwọn ará etí omi ń fi ẹ̀gbà dá iná, wọ́n ń fi i kọ́lé, wọ́n sì ń fi èèpo rẹ̀ pa àwọn àwọ̀n láró kí ó má baà tètè jẹrà. Lórí iyanrìn gbígbóná tí ó kọjú sí òkun, níbi tí ẹ̀gbà kò lè dé, ìtàkùn kan ń rákò tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ àlùkò. Ìbátan ọ̀dùnkún ni. Òun ni ó ń di iyanrìn mú kí atẹ́gùn má baà kó o lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àṣìṣe méjì kúrò níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àgbọn ni ọmọ bíbí etí òkun wa, nítorí pé òun ni ojú ń rí jù lọ láti Èkó dé Àgbádárìgì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Etí àwọn òkun ìlà oòrùn ayé ni ilé rẹ̀. Àwọn Potogí ni ó mú un dé ìhà ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lẹ́yìn ọdún 1500. Ekeji ni owó ẹyọ. Àwọn baba wa fi í ra ẹrú, wọ́n fi í ra àgbàdo, wọ́n fi í san ìdána. Òun ni ó kọ́ wa ní ìṣirò pé ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́, èyí tí í ṣe 20,000. Gbogbo wa mọ̀ pé etí òkun ni ó ti wá, nítorí náà a rò pé òkun Èkó ni a ti ń ṣà á. Kò sí ọmọ Ẹ̀gùn tàbí Ìlàjẹ tí ó ṣà á rí fún ọjà. Ẹ̀dá bí ìgbín ni, ó ń gbé inú omi erékùṣù Maldives ní Òkun Íńdíà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o láàyè, tí wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀ títí ẹran inú rẹ̀ yóò fi jẹrà, kí ọkọ̀ tó gbé karahun rẹ̀ yí ayé ká wá sọ́dọ̀ wa. Láti bí ọdún 1845 ni àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú mìíràn, tí ó tóbi jù ú lọ, wá láti Zanzibar. Wọ́n kó o wá lọ́pọ̀ yanturu tó bẹ́ẹ̀ tí iye rẹ̀ fi já wálẹ̀, tí ẹni tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́jú ọ̀kẹ́ mẹ́wàá sí ìyẹ̀wù rí i pé òun kò ní nǹkan kan mọ́. Òkú ìgbín òkun ni a fi ta ènìyàn, òun náà ni a sì fi sọ àwọn tí ó rà wọ́n di tálákà.

A padà sí àwọn tí ó wádìí etí òkun wa. Àkọ́kọ́ tí a lè dárúkọ nínú àwọn tí ó kọ ìwé ni Michel Adanson, ará Faransé, tí ó gbé ní Sẹ̀nẹ̀gà láti 1749 títí dé 1754. Ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1757 kún fún àwọn ẹ̀dá oníkarahun etí òkun ibẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi sọ igi oṣè ní *Adansonia*, nítorí náà ẹni tí ó bá jókòó lábẹ́ oṣè jókòó lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìrìn àjò odò Ọya ti 1841, èyí tí ọmọ ìjọ kankan kò gbọdọ̀ gbàgbé, nítorí Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀. Theodor Vogel, ará Jámánì tí ó mọ̀ nípa ewé àti igi, wà nínú ìrìn àjò náà pẹ̀lú. Crowther ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Vogel ń gba ewé sílẹ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther kọ jáde ní 1843. Vogel kú ní Fernando Po kí ọdún 1841 tó parí; àwọn mìíràn ni ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1849.

Alfred Moloney, tí ó ṣe gómìnà Èkó láti 1886, kọ ìwé lórí iṣẹ́ ẹja ní 1883, ó sì kọ òmíràn lórí igbó ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ní 1887. Ọdún náà ni a dá ọgbà ewéko sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta. Obìnrin kan, Mary Kingsley, kó ẹja jọ láti àwọn odò etí òkun lọ sí London ní àwọn ọdún 1893 sí 1895. Ní 1941, nígbà ogun Jámánì kejì, ìjọba dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ẹja, ibùdó rẹ̀ sì wà ní Oníkàn. Ní 1975 ni ilé ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Victoria Island.

A bu ọlá fún gbogbo wọn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ka irú àwọn ìwé wọ̀nyí yóò rí i pé ọ̀gá kọ̀wé pé òun rí ẹja, òun mú akàn, òun já ewé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá kò mọ àwọ̀n jù, kò sì mọ ibi tí ọkọ̀ lè gbà láìfọ́. Ẹlòmíràn ni ó wa ọkọ̀. Àwọn Ẹ̀gùn, Àwórì, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ ni ó ti mọ̀ pé àwọ̀n ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí àwọ̀n òjò, tí wọ́n sì mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n kó ìgèrè wọn kúrò ní ibi kan lọ sí ibòmíràn. Ìmọ̀ tí Webb fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn, tí ó sì yẹ kí a yìn ín fún, àwọn wọ̀nyí ti ń jẹun láti ara rẹ̀. A kò sọ èyí láti fi ìwé ṣẹ̀sín. Apẹja mọ̀ pé ẹ̀dá kan ń lọ, ó sì ń bọ̀. Òun kò lè sọ ìwọ̀n iyọ̀ tí ó pa á. Ó dára kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀.

Ọwọ́ ènìyàn ti kan etí òkun yìí gidigidi. Òkìtì iyanrìn tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà Èkó pa ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àti ènìyàn láyé àtijọ́. Ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé, nínú ọkọ̀ kéékèèké ni a ń sọ èrò àti ẹrù kalẹ̀ sí láàárín ìgbì. Ní 1908 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi òkúta jáde sínú òkun láti mú kí ọ̀nà náà jìn. Ó ṣe wá ní àǹfààní. Ṣùgbọ́n iyanrìn etí òkun wa kì í dúró lójú kan. Láti ìwọ̀ oòrùn ni ìgbì ti ń tì í lọ sí ìlà oòrùn láìsinmi. Nígbà tí odi dá a dúró, ó ń pọ̀ ní apá kan, ebi iyanrìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa apá kejì. Òkun jẹ etí ilẹ̀ Victoria Beach wọlé ní ọdọọdún, títí a fi kọ́ odi mìíràn sí i ní ọ̀rúndún tí a wà yìí. A gé ẹ̀gbà, a fi iyanrìn dí ẹrẹ̀ tí ó wà, a kọ́ ilé lé e. Ọ̀pẹ etí omi kan tí a mú wá láti Singapore sí Calabar ní 1906 ti tàn káàkiri etí òkun ìlà oòrùn, ó sì ti gba ibùgbé ẹ̀gbà ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ẹ ó wí pé, Èyí ni ti àwọn ará Èkó. Ẹ jẹ́ kí a sọ tiwa. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ti ń wa wúrà láti àwọn ọdún 1940, ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí iṣẹ́ náà pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a sì ń ṣe láìgba àṣẹ. Ilẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́ ni wọ́n ń fọ̀ nínú omi; àwọn kan nínú irú àwọn awakùsà bẹ́ẹ̀ a sì máa fi mẹ́kúrì, irin olómi tí ó jẹ́ májèlé, mú wúrà jáde. Gbogbo wa ni a rí ohun tí ó ti ibẹ̀ wá: Ọ̀ṣun tí a mọ̀ sí omi tí ó mọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn di pupa bí omi amọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tí ó wá ṣe ọdún ní Òṣogbo pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà. Ẹ rántí ẹ̀dá inú iyanrìn tí kò lè gbé inú ẹrẹ̀. Ẹ rántí edé tí ń gòkè tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀. Mẹ́kúrì tí ó bá wọ omi kì í tán níbẹ̀. Ẹ̀dá kékeré a gbé e mì, ẹja a jẹ ẹ̀dá kékeré, ẹja ńlá a jẹ ẹja, májèlé náà a sì máa pọ̀ sí i láti ara ọ̀kan dé ara èkejì, títí yóò fi dé inú àwo ẹni tí ó se ọbẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ẹja tí ó ń ti etí ọ̀sà gòkè wá lè gbé ohun tí a sọ sílẹ̀ padà fún wa.

Àwa díẹ̀ lọ sí Èpè ní ẹ̀ẹ̀rùn kan láti fi ojú ara wa rí ibi tí odò náà ń lọ. Ìyá àgbà kan tí ń ta edé ní etí omi béèrè ibi tí a ti wá. A wí fún un pé, Ìdó-Ọ̀ṣun ni, ìyá. Ó wò wá pẹ́. Ó wí pé, “Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin ni ẹ ń rán omi sí wa. Tẹ́lẹ̀, bí ó bá dé, òjò nìkan ni a máa ń bá nínú rẹ̀.” Ó wọn edé fún wa, ó fi ẹ̀bùn lé e, ó sì kọ̀ láti gba owó ẹ̀bùn náà.